Akàn Matsuba lórí tábìlì: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń tú u, bí a ṣe ń jẹ ẹ́ ní Jàpáànì

Ẹni tó bá ti ń jẹ akàn nínú ọbẹ̀ ilá láti kékeré lè rò pé kò sí ohun tuntun nínú ọ̀rọ̀ akàn mọ́. Ní etíkun Òkun Jàpáànì, akàn kì í ṣe èròjà ọbẹ̀. Òun gan-an ni oúnjẹ, látorí ìpanu títí dé ìrẹsì ìkẹyìn, ẹyọ kan sì lè di oúnjẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí tábìlì kan náà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ibi méjì ni owó náà sì ti sábà ń ṣòfò. Àkọ́kọ́ ni kí èèyàn tó jókòó, nígbà tó bá yan àkókò tí kò dáa tàbí akàn tí kì í ṣe èyí tó fẹ́. Èkejì ni orí iná, nígbà tó bá jẹ́ kó jinná jù.

Kàlẹ́ńdà ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì

Zuwaigani ni orúkọ akàn tí à ń wí; Matsuba ni wọ́n ń pe akọ rẹ̀ ní apá kan etíkun náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bíi mítà 200 sí 500 nísàlẹ̀ òkun ló sì ń gbé. Òfin ló ń sọ ìgbà tí wọ́n lè kó o. Ní ìpínlẹ̀ Fukui, Kyoto, Hyogo àti Tottori, ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ni ọkọ̀ apẹja máa ń bọ́ sójú omi. Wọ́n ń kó akọ títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹta, ṣùgbọ́n abo kì í kọjá òpin oṣù kejìlá. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ takọtabo níjókòó kan, àárín ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá sí òpin ọdún ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá dé lóṣù kẹrin tí wọ́n gbé “Matsuba” síwájú yín, èyí tó ti sùn nínú fìríìsà ni. Kò burú, àmọ́ ẹ má san owó akàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú òkun jáde fún un.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti àsìkò ọdún tuntun ni owó máa ń gun òkè jù. Nígbà tí òtútù bá mú gan-an, ìjì máa ń dá ọkọ̀ dúró sí èbúté, akàn á sì wọ́n lójijì. Nítorí náà, ẹ má fi alẹ́ kan ṣoṣo dá gbogbo ìrìn àjò yín lé.

Èbúté ló ń fún un lórúkọ

Akàn kan náà ni, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ń yí bí ẹ ṣe ń tẹ̀ lé etíkun. Ní Fukui, Echizen-gani ni. Ní Ishikawa, Kano-gani. Láti Kyoto lọ dé Shimane, Matsuba-gani ló ń jẹ́, àwọn èbúté mìíràn ní àgbègbè yẹn sì tún ní orúkọ tiwọn: Taiza ní Kyoto, Tsuiyama àti Shibayama ní Hyogo. Akọ nìkan ló ń jẹ́ àwọn orúkọ yìí. Abo kéré gan-an sí akọ, orúkọ tiẹ̀ náà sì yàtọ̀: Seiko ní Fukui, Kobako ní Ishikawa, Koppe ní Kyoto, Seko ní Hyogo. Ní Tottori, Oya-gani ni wọ́n ń pè é, tó túmọ̀ sí akàn òbí.

Ẹ̀rí orúkọ yìí ni táàgì oníke tí wọ́n ń so mọ́ akàn. Ti Fukui jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ti Kyoto jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Tsuiyama jẹ́ búlúù, ti Shibayama sì jẹ́ píǹkì. Orúkọ èbúté máa ń wà lára rẹ̀, lára àwọn kan ẹ ó tún rí orúkọ ọkọ̀ tó kó o. Bí ilé oúnjẹ bá kọ “Echizen-gani” sára ìwé oúnjẹ tí ẹ kò sì rí táàgì lórí àwo, ẹ béèrè. Kò sí àrífín níbẹ̀ rárá. Inú àwọn tó ní táàgì máa ń dùn láti fi hàn, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì ń mú un lọ sílé.

Àwọn tó ga jù láàárín wọn tún ní oyè. Tottori bẹ̀rẹ̀ Itsukiboshi lọ́dún 2015. Ìbú ìkarahun rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13.5, ìwọ̀n rẹ̀ kílò 1.2, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, kí ẹran sì kún inú rẹ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n ta ẹyọ kan nínú wọn ní mílíọ̀nù 5 yen níbi gbàǹjo àkọ́kọ́ àsìkò akàn ọdún náà. Owó ìpolówó nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó jọ ọ́. *Benizuwai* jẹ́ ìbátan rẹ̀ tó ń gbé níbi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti pupa kí wọ́n tó sè é, nígbà tí zuwaigani tútù jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, iná ló ń sọ ọ́ di pupa. Ẹran benizuwai dùn ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kasumi ní Hyogo ń fi tirẹ̀ yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn má san owó Matsuba fún un. *Mizugani* ni akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìkarahun àtijọ́ sílẹ̀. Èyí tó wọ̀ ṣì rọ̀, ẹran inú ẹsẹ̀ kò tíì kún, omi ló pọ̀. *Tarabagani* ti Hokkaido, ẹsẹ̀ ńlá ẹlẹ́gùn-ún yẹn, kì í tilẹ̀ ṣe akàn gidi. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn: mẹ́jọ lẹ máa rí, ti zuwaigani sì jẹ́ mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń lé àlejò sẹ́yìn. Lára ìkarahun akàn dáadáa, ẹ ó rí àwọn kóró dúdú roboto tó lẹ̀ mọ́ ọn bí èèpá. Ẹyin eṣúṣú òkun ni, kò wọ inú ẹran, kò sì ń ṣe èèyàn ní ohunkóhun. Kódà àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń fi hàn pé ó ti pẹ́ tí akàn náà ti bọ́ ìkarahun, ẹran á sì ti kún inú ẹsẹ̀. Akàn tó ń dán bíi tuntun ni kó kọ yín lóminú.

Bí ẹ ṣe máa gba àyè sílẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ilé ìtura ìbílẹ̀ tó ní omi gbígbóná, irú èyí tó wà ní Kinosaki ní Hyogo, máa ń pa oúnjẹ alẹ́, ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀ pọ̀. Láti Osaka, ọkọ̀ ojú irin Konotori ń gbé yín débẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ilé ìtura kékeré tí àwọn ẹbí ń bójú tó ní èbúté, minshuku, kò ní ọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni owó yín ti máa ń ra akàn tó pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ni ilé oúnjẹ ńlá inú ìlú, bíi Kani Doraku ní Dotonbori, Osaka, tí akàn ràgàjì kan ti ń ju ẹsẹ̀ lójú títì rẹ̀ láti ọdún 1962. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń ta akàn yípo ọdún, nítorí náà ẹ wo ìwé oúnjẹ dáadáa kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ ti fìríìsà.

Nígbà tí ẹ bá ń gba àyè, ẹ béèrè ohun mẹ́rin:

1. Ṣé ó ní táàgì? *Tagu-tsuki desu ka?*
2. Ṣé tútù ni àbí ti fìríìsà? *Nama desu ka, reitō desu ka?*
3. Akàn mélòó ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? *Hai* ni wọ́n fi ń ka akàn, nítorí náà ẹ ó rí “1.5 hai” tàbí “2 hai”.
4. Gíráàmù mélòó ni ẹyọ kan? *Nan-guramu desu ka?*

Ìbéèrè kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Akàn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 400 dún bí ohun tó ju ẹyọ kan tó wọn kílò kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kékeré ni, ìkarahun ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ akàn ńlá sanra, ẹran rẹ̀ ní okun, ó sì ṣeé jẹ ní tútù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi ojú ṣọ́ gíráàmù.

Oúnjẹ akàn onítáàgì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 20,000 yen fún ẹnì kan, ó sì lè fò kọjá 40,000 láìṣe ariwo. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà *jika*, 時価, níbi tó yẹ kí iye owó wà, iye ọjà ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbà. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé akàn kúrò nínú omi. Bákan náà, wọ́n ń ra akàn nítorí yín ni. Bí ẹ bá fagi lé e lọ́jọ́ náà, wọ́n lè gba gbogbo owó lọ́wọ́ yín.

Bí ara ẹnì kan nínú yín kì í bá gba akàn tàbí edé, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń gba àyè: *kani arerugī ga arimasu*. Omi akàn máa ń wọ gbogbo ìkòkò ilé ìdáná wọn, kò sí bí wọ́n ṣe máa yà á sọ́tọ̀ lójijì. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu ọtí náà, ẹ fetí sílẹ̀: ọtí sake àti mirin wà nínú ọ̀pọ̀ omi ìsebẹ̀ àti ọbẹ̀ ìtọ̀bọ̀ wọn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní omi tí wọ́n fi ewé òkun tó ń jẹ́ konbu nìkan sè, kí ẹ sì fi iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ ẹran náà.

Lórí tábìlì

Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ tí kò lu, nítorí ẹ ó bọ́ bàtà. Ẹ má wọ agbádá tàbí aṣọ tí apá rẹ̀ fẹ̀; ọwọ́ aṣọ á tọ inú ìkòkò kí ẹ tó mọ̀. Ohun tí ẹ ó bá níwájú yín ni àlùmọ́gàjí, àwo jíjìn fún ìkarahun, aṣọ tútù ìnuwọ́, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ kan là sí méjì, tí orí kejì sì dà bí ṣíbí kékeré. Orí tó là ni ẹ fi ń ti ẹran jáde nínú ẹsẹ̀, ṣíbí rẹ̀ ni ẹ fi ń ha inú ìkarahun. Ọwọ́ ni aṣọ ìnuwọ́ wà fún, kì í ṣe ojú.

Ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn máa ń sọ pé akàn ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́, olúkúlùkù á dorí kọ ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Títú akàn bíbọ̀

Níbi tó dáa, ẹsẹ̀ á ti la sílẹ̀ kó tó dé. Bí wọ́n bá gbé odindi wá, iṣẹ́ dé nìyẹn.

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ikùn funfun kọjú sókè. Ẹ gé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tó ti so mọ́ ara. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà dáadáa: pẹlẹbẹ ni, ojú kan pupa, ojú kejì funfun. Ẹ fi àlùmọ́gàjí la etí rẹ̀ méjèèjì, láti ibi tó nípọn lọ síbi tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá ṣí ojú funfun bí ìdérí. Ẹran á dùbúlẹ̀ lódindi. Ẹni tó bá gé àárín gbùngbùn ojú pupa ló ń fọ́ ẹran sí wẹ́wẹ́, tí èérún ìkarahun sì ń bá a wọ ẹnu. Fún ọwọ́ tó dà bí ẹ̀mú, ẹ fa ìka tó ń ṣí tó ń pa jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Egungun pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa bá a jáde. Bí kò bá jáde, eyín yín ló máa rí i.

Lẹ́yìn náà ni ara. Lábẹ́ ikùn, ẹ ó rí awẹ́ onígun mẹ́ta kan tó ká mọ́ra. Bàǹtẹ́ ni wọ́n ń pè é lédè wọn, *fundoshi*, orúkọ náà sì bá a mu. Ẹ bọ́ bàǹtẹ́ náà. Ẹ ki àtàǹpàkò bọ ibẹ̀, ẹ fa ara kúrò lára ìkarahun, ṣùgbọ́n kí ìkarahun wà nísàlẹ̀ bí abọ́, kí ohun inú rẹ̀ má bàa dànù. Ní ẹ̀gbẹ́ ara méjèèjì, ẹ ó rí ohun rírọ̀ aláwọ̀ eérú tó tò bí ìka ọwọ́. Òun ni akàn fi ń mí. Ẹ já a sọnù. Wọ́n ní òwe kan fún un: bí o bá tilẹ̀ ń jẹ *kani*, ìyẹn akàn, má jẹ *gani*, ìyẹn ohun rírọ̀ yìí. Kò ní adùn kankan, ìdọ̀tí omi ló sì ń gbà dúró.

Ẹ wá gé ara náà sí méjì, kí ẹ tún la ìdajì kọ̀ọ̀kan ní ìbú. Ẹ ó rí yàrá kéékèèké, ẹran funfun sì kún inú wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹran ti dùn jù, lójú tiwa. Àlejò ló ń fi í sílẹ̀ sínú àwo ìkarahun, tó ń jà lórí ẹsẹ̀.

Ohun tó kù nínú ìkarahun, tó dà bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé, ni *kanimiso*. Kì í ṣe ọpọlọ, bí àwọn kan ṣe ń wí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀ nínú akàn ni. Ó korò díẹ̀, ó ní ọ̀rá. Ẹ ti ẹran ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ẹ tó pinnu pé ẹ kò fẹ́.

Abo kéré, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí ẹyin ni a ṣe ń jẹ ẹ́: èyí tó wà nínú, tó pọ́n bí epo pupa tó dì, àti èyí tó wà lábẹ́ bàǹtẹ́, kóró kóró, tó ń dún lábẹ́ eyín. Wọ́n sábà máa ń ti tú u, wọ́n á sì to gbogbo rẹ̀ padà sínú ìkarahun.

Tútù, iná, omi: ọ̀nà tí ẹ máa tọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí iná kò kàn, ẹ lọ sórí èyí tí iná kàn díẹ̀, kí ẹ tó wá parí sínú ìkòkò. Ẹnu tó bá ti kún fún èéfín èédú kò ní gbọ́ adùn ẹran tútù mọ́.

*Tútù.* Wọ́n á bó ẹsẹ̀, wọ́n á rì í bọ omi yìnyín. Ẹran náà á ya, á là bí òdòdó. Ẹ tọ́ ọ bọ shoyu, omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀, díẹ̀, ẹ gbé orí sókè, ẹ jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Akàn òkun tí wọ́n pa lójú yín nìkan ni ẹ lè jẹ báyìí. Akàn odò nílé, ẹ má dán an wò: aràn ẹ̀dọ̀fóró wà nínú irú rẹ̀ mìíràn, ní Nàìjíríà àti ní Jàpáànì pẹ̀lú.

*Lórí èédú.* Ojú pupa ni kó wà nísàlẹ̀, kí ìkarahun jẹ́ ìkòkò tó gba omi ẹran dúró. Ẹ má yí i padà. Bí ẹ bá yí i, omi yẹn á dà sórí èédú, adùn lẹ dà nù. Ẹ wo etí ẹran. Nígbà tó bá kúrò ní dídán bíi gíláàsì tó di funfun, tí omi ń hó wúyẹ́wúyẹ́ létí rẹ̀, ẹ gbé e. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún sábà máa ń tó. Bí ẹran bá ti sún kì, tó lẹ̀ mọ́ ìkarahun, ó ti kọjá àkókò, òwú lẹ máa jẹ. Ẹ tún lè gbé ìkarahun pẹ̀lú kanimiso ka iná, kí ẹ máa rò ó títí á fi hó, kí ẹ wá po ẹran ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń mu ọtí máa ń da sake gbígbóná sínú ìkarahun yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán.

*Shabu.* Omi konbu kò gbọ́dọ̀ máa hó kùtùkùtù. Ó kàn gbọ́dọ̀ máa mì. Ẹ di ìkarahun tó kù lórí ẹsẹ̀ mú, ẹ mi ẹran nínú omi fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, kó funfun lóde, kí àárín ṣì dán. Ẹ má ju mẹ́ta mẹ́rin sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ jù: wọ́n á máa sọ̀rọ̀, akàn á máa jinná. Inú abọ́ yín ni ponzu, ìyẹn shoyu olómi ọsàn, yẹ kó wà, kì í ṣe inú ìkòkò, nítorí omi yẹn ṣì ní iṣẹ́.

*Ìrẹsì ìkẹyìn, zōsui.* Ní ọ̀pọ̀ ibi, òṣìṣẹ́ á wá ṣe é fún yín. Bí wọ́n bá fi í lé yín lọ́wọ́, ẹ kó ẹ̀fọ́ àti ìkarahun kúrò, ẹ bu ìfófó dànù. Fún ẹni méjì, omi tó kù nínú ìkòkò yẹ kó tó mílílítà 600, ìrẹsì sísè á jẹ́ gíráàmù 200. Ẹ fi omi tútù ṣan ìrẹsì náà kíá. Bí ẹ kò bá ṣan án, á ki bí ògì. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ fi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ po ẹyin adìyẹ méjì, ẹ dà á yíká tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ bù ú nígbà tí ẹyin ṣì ń yọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí iná máa jó lẹ́yìn ẹyin, á dì pọ̀ bí ẹyin dídín, omi á sì dà bí ohun tí wọ́n fi ṣan ìkòkò.

Kí ẹ tó dìde

Òórùn akàn kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé abọ́ tíì wá tí kò gbóná, tí ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀, ìka ni kí ẹ fi fọ̀, ẹ má mu ún. Nídìí ẹ̀rọ owó tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni wọ́n ti sábà ń sanwó. Owó orí ọjà jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wò ó bóyá ó ti wà nínú iye tí ẹ rí lórí ìwé. Wọ́n kì í gba owó ọ̀yàyà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á sáré lé yín bá lójú títì láti dá a padà. *Gochisōsama deshita*, ìyẹn ẹ ṣeun fún oúnjẹ, ni kí ẹ wí. Bí ẹ bá fẹ́ táàgì yín, ẹ béèrè fún un kí wọ́n tó kó àwo ìkarahun lọ.